Abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì fún ìtọ̀ tó ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ẹ béèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó gba owó ìpolówó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan lórí ìwé ìròyìn yìí. Ìpolówó kan tó gba ìdajì ojú ewé nínú ẹ̀dà yín ti ẹnu àìpẹ́ yìí ló mú mi kọ̀wé. Nínú rẹ̀ ni ilé ìwòsàn aládàáni kan ti kéde pé òun ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di ẹran ara tuntun), tí yóò dá ìtọ̀ tó ń jò lára àwọn ọkùnrin tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) dúró pátápátá láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó gbà á ló ti bọ́ lọ́wọ́ páńpáàsì. Wọ́n fi àwòrán bàbá kan tó wọ agbádá funfun báláú sí i. Wọn kò kọ iye owó rẹ̀, wọn kò kọ orúkọ dókítà kankan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ ẹni tó fún wọn láṣẹ.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ àwọn ọkùnrin ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Ìdí tí agbádá náà fi funfun yé mi dáadáa. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ kì í wọ aṣọ funfun jáde mọ́. Bó bá jẹ́ onígbàgbọ́, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, yóò máa sá fún mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ nítorí ó rò pé ara òun kò mọ́ tó láti kírun, bẹ́ẹ̀ ààfáà tó bá mọ̀wé yóò sọ fún un pé ẹ̀sìn ti fún ẹni tó wà nírú ipò yẹn láàyè. Kì í mu omi kó tó rìnrìn àjò, kò sì mọ̀ pé ìtọ̀ tó bá ki máa ń yún àpò ìtọ̀ nínú, tí yóò sì mú kó tètè máa gbọ̀n ọ́n. Ìyàwó lè mọ̀. Àwọn ọmọ kì í sábà mọ̀. Ìtìjú yìí ni ìpolówó náà ń dọdẹ rẹ̀, ìdí nìyí tí n kò fi lè dákẹ́.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́ gan-an. Ibi méjì ni ara ọkùnrin ti ń pa ọ̀nà ìtọ̀ dé. Ọ̀kan wà ní ọrùn àpò ìtọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a rán an. Èkejì wà nísàlẹ̀ prostate, iṣan tí a lè fún pọ̀ nígbà tó bá wù wá ni. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá yọ prostate kúrò pátápátá nítorí àrùn jẹjẹrẹ, ti òkè sábà máa ń bá a lọ, gbogbo iṣẹ́ á sì wá kù sọ́rùn ti ìsàlẹ̀ nìkan. Bí iṣan yìí bá ti rọ, tàbí bí àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá fara gbọgbẹ́, ìtọ̀ á máa já nígbà tí onítọ̀hún bá wúkọ́, tó bá sín, tó bá gbé garawa omi, tàbí tó bá dìde lórí àga. Iṣan ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn oníwádìí ń gbìyànjú láti fi sẹ́ẹ̀lì tún ṣe.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ tó ń jò ni ọ̀rọ̀ iṣan yìí kàn. Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n máa ń rò pé àwọn kò lè mú ìtọ̀ dúró, tó sì jẹ́ pé àpá iṣẹ́ abẹ ló fún ọ̀nà ìtọ̀ wọn pa, tí àpò ìtọ̀ kún dẹ́nu, tí èyí tó kún jù sì ń ṣẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n la ọ̀nà náà ni ìwòsàn irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ pẹ́ títí, ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ti àwọn mìíràn, àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń súnkì nígbà tí kò yẹ, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n dé ilé ìtọ̀. Oògùn wà fún ìyẹn. Bákan náà ni ti àwọn obìnrin tí ihò ṣí sáàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara wọn lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ jù tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ilé ọmọ, tí ìtọ̀ ń ṣàn lára wọn tọ̀sán-tòru: wọ́n máa ń rán ihò náà ni, ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì ti rí ìwòsàn gbà bẹ́ẹ̀. Ìpolówó tí mo ń wí kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ ọ́ kò mọ iṣẹ́ náà, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n, ó kàn ń ta ọjà ni.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì o. Ọ̀nà méjì ni àwọn oníwádìí ti gbà jù lọ. Nínú èkíní, wọ́n á gé ẹran díẹ̀ lára iṣan apá tàbí itan aláìsàn, wọ́n á tọ́jú sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sí yàrá ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí yóò fi pọ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gún un sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìtọ̀. Nínú èkejì, wọ́n á fa ọ̀rá láti inú ikùn aláìsàn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣa sẹ́ẹ̀lì tó wúlò jáde nínú rẹ̀, wọ́n á sì gún un padà fún un lọ́jọ́ kan náà. Ìrètí wọn ni pé sẹ́ẹ̀lì náà yóò di iṣan tuntun, tàbí kó ran iṣan tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe.

Ní Yunifásítì Nagoya ní ilẹ̀ Jàpáàn, Momokazu Gotoh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà ọ̀rá yìí fún ọkùnrin 11 tí ìtọ̀ ń jò lára wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Láàárín ọdún kan, ti àwọn mẹ́jọ dín kù ní nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìròyìn ayọ̀ ni, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé orí ọkùnrin 45 ní àwọn ilé ìwòsàn oríṣiríṣi lórílẹ̀-èdè náà, iye àwọn tí ìtọ̀ tó ń jò lára wọn dín kù dé ìdajì, ó kéré tán, kò tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: kí ó dín kù dé ìdajì ni wọ́n ń wò, wọn kò wò ó pé kí ó dá pátápátá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ lágbàáyé kò dé ibi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Níbo wá ni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti wá? Mo fura sí ibì kan. Ní 2007, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn The Lancet tẹ iṣẹ́ àwọn oníwádìí kan ní Innsbruck, ní ilẹ̀ Austria, jáde. Hannes Strasser ni aṣáájú wọn. Wọ́n ní àwọn gún sẹ́ẹ̀lì iṣan fún obìnrin 42 tí ìtọ̀ ń jò lára wọn, pé lẹ́yìn ọdún kan 38 nínú wọn gbẹ pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé nínú obìnrin 21 tí wọ́n fún ní oògùn collagen tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, méjì péré ló gbẹ. Gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláṣẹ ìjọba Austria tú iṣẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé kò bá òfin mu, pé ètò ìgbìmọ̀ tó yẹ kó dáàbò bo àwọn aláìsàn kò gún régé, àní iyèméjì wà bóyá ìwádìí náà wáyé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2008, The Lancet fagi lé e. Ọdún kan péré ló fi wà láyé, ṣùgbọ́n iye tó wà nínú rẹ̀ kò kú, ó ṣì ń kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti nínú ìwé ìpolówó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ fún òǹkàwé pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra wọn ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ.

Ìwádìí mìíràn wà tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju ti Innsbruck lọ, nítorí pé àwọn tó ṣe é ṣe é pẹ̀lú òtítọ́. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn obìnrin ni wọ́n lò ó fún, sẹ́ẹ̀lì iṣan sì ni. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì: apá kan gba sẹ́ẹ̀lì, apá kejì gba omi abẹ́rẹ́ tí kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú rẹ̀. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun gbà, dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì mọ̀. Ńṣe ni wọ́n dá gbígba ènìyàn tuntun dúró kí iye tí wọ́n ń wá tó pé, nítorí pé ara àwọn tó gba omi lásán yá púpọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, débi pé kò rọrùn mọ́ láti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ṣe ohunkóhun tí omi kò ṣe. Bí omi lásán bá lè mú kí ènìyàn jẹ́rìí sí ìwòsàn, kí ni a fẹ́ fi ẹ̀rí bàbá alágbádá funfun ṣe?

Ti àwọn ọkùnrin tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ róbà ìtọ̀ kúrò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìtọ̀ máa ń jò jù. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, láti oṣù dé oṣù, ara ọ̀pọ̀ wọn máa ń sàn sí i fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi máa ń ní kí a ní sùúrù tó ọdún kan kí a tó sọ pé ó ti di bárakú. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ní oṣù kẹta, tí ara rẹ̀ sì dá ní oṣù kẹsàn-án, abẹ́rẹ́ ni yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó sanwó fún olójò nígbà tí òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Ẹ wo ìpolówó náà dáadáa: àwọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní kí wọ́n tètè wá. Àwọn tí ara wọn yóò yá láìsan kọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè jù.

Láàárín àkókò ìdúró yẹn, eré ìdárayá kan wà tí mo máa ń kọ́ àwọn bàbá ní wọ́ọ̀dù. Arnold Kegel, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1948 fún àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ènìyàn á fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde nídìí rẹ̀ láàárín àwùjọ, á dì í mú díẹ̀, á tú u sílẹ̀, á tún un ṣe; kò ní há èémí mọ́nú, kò sì ní fún itan tàbí bèbèrè ìdí. Ó dára kí wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ pàápàá. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń polówó tèmi, màá sọ èyí náà: ní 2011, The Lancet tẹ ìwádìí ńlá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, níbi tí wọ́n ti fi àwọn ọkùnrin tó rí olùkọ́ eré ìdárayá yìí lójúkojú wé àwọn tí kò rí i. Nígbà tí ọdún kan pé, ọgbọọgba ni wọ́n jọ jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ìhà méjèèjì sì ṣì ń rí ìkán ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀ mo ṣì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe é. Kò gba owó, kò lè ṣe ènìyàn níbi, ó sì ń fún ọkùnrin tó rò pé ara òun ti bọ́ lọ́wọ́ òun ní iṣẹ́ kan láti ṣe.

Fún àwọn tí tiwọn kò dá lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan wà. Láti 1983 ni wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní AMS 800. Ó ní ìdè rírọ̀ tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, báálù kékeré tó ń gba omi dúró nínú ikùn, àti bọ́tìnì nínú àpò ẹpọ̀n tí ọkùnrin náà yóò fún nígbà tó bá fẹ́ tọ̀. Brantley Scott ní ìlú Houston ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó wọ́n, ó sì lè bàjẹ́ tí wọn yóò fi ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Okùn pẹlẹbẹ kan tún wà tí wọ́n máa ń fi gbé ọ̀nà ìtọ̀ sókè láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí àwọn oníwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi méjèèjì wé ara wọn nínú ìròyìn kan tó jáde ní 2021, ara àwọn ọkùnrin náà yá gan-an, inú ọ̀pọ̀ wọn sì dùn, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a ka ẹni tí ìtọ̀ kò kán lára rẹ̀ rárá, àwọn díẹ̀ ni. Ohun tó ti pé ogójì ọdún tí wọ́n ti ń lò ó kò ṣèlérí gbígbẹ pátápátá fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn yín.

Àwọn kan á ní, bí kò bá ṣiṣẹ́, ṣé ó lè pani lára ni, ṣebí ọ̀rá ara ẹni ni? Ní 2017, ìwé ìròyìn ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà ròyìn àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ara wọn sí lójú ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Florida. Ojú méjèèjì ni wọ́n gún fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba owó lọ́wọ́ wọn, ojú wọn sì fọ́. Ara ohun tó tàn wọ́n jẹ ni pé orúkọ iṣẹ́ náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ló lè lọ kọ orúkọ síbẹ̀; ìkọsílẹ̀ kì í ṣe àṣẹ. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àjọ FDA, tó ń fọwọ́ sí oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò tíì fọwọ́ sí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kankan fún ìtọ̀ tó ń jò. Ní ti àwọn bàbá tiwa, ẹ̀rù mìíràn tún wà níbẹ̀: ibi tí jẹjẹrẹ ti kúrò gan-an ni wọ́n fẹ́ gún ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí nǹkan hù. Dókítà tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA, èyí tó lè fi hàn bí jẹjẹrẹ prostate bá ṣì wà, kó sì dá a lójú pé jẹjẹrẹ kò padà wá. Kò sí ọ̀rọ̀ PSA nínú ìpolówó náà níbi kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí àwọn kan ti rò lọ. Jẹjẹrẹ prostate ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọkùnrin Nàìjíríà tó ní àrùn jẹjẹrẹ, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì rèé, ọ̀kan nínú mẹ́rin àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni wọn yóò rí i lára rẹ̀ kó tó kú, nígbà tó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ láàárín gbogbo ọkùnrin ibẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni àwọn tó ń wá ọ̀nà àbáyọ yóò máa pọ̀ sí i, àwọn ọmọ tó wà ní òkè òkun yóò sì máa fi owó ránṣẹ́ láìbéèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilẹ̀ wa kò lè fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ṣe ohun gidi. Ní 2011, ilé ìwòsàn Yunifásítì ìlú Benin, UBTH, fi sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn eegun wo ọmọ kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyẹn jẹ́ ìtọ́jú tí ayé ti dán wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a mọ ewu rẹ̀, tí a mọ ẹni tó yẹ fún un. Ti ìtọ̀ tó ń jò ṣì wà ní ìpele ìwádìí, òfin wa sì ti sọ bí a ṣe ń ṣe ìwádìí lórí ènìyàn. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ pé aláìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé rere rẹ̀ àti ewu rẹ̀ fún un. Ó dá ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lára wọn sílẹ̀. NAFDAC wà fún ohun tí a ń gún sára ènìyàn, àjọ MDCN sì ní ìwé orúkọ gbogbo dókítà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Bí ìwádìí ni ilé ìwòsàn náà ń ṣe, kí ló dé tí wọ́n ń ta á? Bí ìtọ́jú tó ti pegedé ni, ta ló fọwọ́ sí i?

Olóòtú, mo mọ̀ pé owó ìpolówó ló ń gbé ìwé ìròyìn ró, mi ò sì sọ pé kí ẹ di dókítà. Nǹkan kékeré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹ tó tún tẹ ìpolówó yìí, ẹ bi àwọn tó ni ín ní orúkọ dókítà tí yóò gún abẹ́rẹ́ náà bó ṣe wà nínú ìwé MDCN, nọ́ńbà ìwé àṣẹ tí NAFDAC tàbí ìgbìmọ̀ ìwádìí fún wọn, àti iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí wọ́n bá kó o wá, ẹ tẹ ẹ́ sójú ewé kan náà, lábẹ́ àwòrán bàbá náà, kí àwọn òǹkàwé yín rí i. Bí wọn kò bá kó o wá, ẹ dá owó wọn padà fún wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Nọ́ọ̀sì afẹ̀yìntì kan,
Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn.